Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó Ẹrù Kí A Tó Ra Ọjà Àlòkù Láti Ilẹ̀ Òkèèrè Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń ra ọjà àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó máa ń dúnàá-dúrà lórí iye ọjà títí ọ̀rọ̀ yóò fi wọ̀, tí wọn kò sì ní wo owó ẹrù àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà àlòkù tí ó ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀ kì í sábà wọ́n fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n ni àwọn owó tí ó yí i ká: owó ẹrù, owó bodè, owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT, owó iṣẹ́ ẹni tí ó bá wa gba ẹrù kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, àti èyí tí báǹkì ń yọ nígbà tí ó bá ń ṣẹ́ owó kan sí òmíràn. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹni tí ó fẹ́ rajà ṣe lè mọ àpapọ̀ gbogbo owó wọ̀nyí kí ó tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, àti bí ó ṣe lè dín wọn kù láìparọ́ fún ẹnikẹ́ni. Olùtà pẹ̀lú yóò rí ohun tí ó kàn án níbẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú owó tí olùrà ń san, ọwọ́ olùtà ni ó ń pinnu rẹ̀ níbi tí ó ti ń di páálí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìwọ̀n páálí kí ẹ tó dúnàá-dúrà

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ olùtà ni bí páálí tí yóò fi ránṣẹ́ ti tóbi tó: gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò lẹ́yìn tí ó bá ti di ẹrù náà tán. Kì í ṣe ìwọ̀n ọjà nìkan ni ẹ ń béèrè, nítorí páálí, bébà àti ohun rírọ̀ tí a fi ń dáàbò bo ọjà náà ní ìwọ̀n tiwọn, wọ́n sì ń gba àyè. Bí olùtà bá sọ pé òun kò tíì dì í, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ọjà náà sínú páálí tí ó ní lọ́wọ́, kí ó sì fi téèpù wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹni tí kò bá sì fẹ́ ṣe é kí ẹ tó sanwó, ó ṣòro kí ó dá yín lóhùn nígbà tí wàhálà bá dé.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tí ń fi bàlúù kó ẹrù lọ́nà yíyára, bí DHL, FedEx àti UPS, kì í wo bí ẹrù ti wúwo tó nìkan. Wọ́n tún ń ṣírò àyè tí ó gbà nínú bàlúù, wọ́n sì ń sọ àyè yẹn di kílò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n ń fi gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí sọ ara wọn di púpọ̀, wọn yóò wá fi 5000 pín ohun tí ó bá jáde. Wọn yóò fi kílò tí wọ́n bá rí wé kílò tí ó wà lórí òṣùwọ̀n, èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọn yóò sì gba owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àtùpà orí tábìlì kan bí àpẹẹrẹ. Olùtà fi í sínú páálí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 30, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 25. Ìṣirò rẹ̀ yóò fún wa ní 30,000, bí a bá sì fi 5000 pín in, kílò 6 ni. Bí àtùpà náà pẹ̀lú páálí rẹ̀ kò bá ju kílò 2.4 lọ lórí òṣùwọ̀n, owó kílò 6 ni ẹ ó san síbẹ̀. Ká ní olùtà rí páálí mìíràn tí ó jẹ́ 35, 25 àti 20, ìṣirò rẹ̀ yóò jẹ́ 17,500, ìyẹn kílò 3.5. Àtùpà kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni ó sì gbà, ṣùgbọ́n kílò méjì àti ààbọ̀ ti yọ kúrò nínú ohun tí ẹ ó sanwó fún, kìkì nítorí pé ẹnì kan wá páálí tí ó bá ọjà mu.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní tirẹ̀ sábà máa ń wo ìwọ̀n orí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ẹrù kékeré tí ó ń bá lẹ́tà rìn, tí owó rẹ̀ sì máa ń rọjú jù lọ, kò gbọdọ̀ ju kílò 2 lọ. Bí a bá ro gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ pọ̀, wọn kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ, ẹ̀gbẹ́ tí ó sì gùn jù kò gbọdọ̀ kọjá 60. Bí ẹrù bá fi gíráàmù díẹ̀ péré kọjá kílò 2, ó ti bọ́ sí ipò mìíràn nìyẹn, owó rẹ̀ sì lè fò sókè gan-an. Nítorí náà, bí olùtà bá sọ fún yín pé gíráàmù 2050 ni ẹrù jẹ́, ẹ má kàn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá páálí tí ó fúyẹ́ díẹ̀ wà, tàbí bóyá ohun kan wà nínú ẹrù náà tí ẹ kò nílò, bí ìwé àlàyé tí ó nípọn tàbí okùn iná tí kò bá ihò iná ilé yín mu.

Páálí tí wọ́n fi ta ọjà náà nígbà tí ó wà ní tuntun tún jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ó ń kó ohun àtijọ́ jọ lè fẹ́ páálí yẹn gidigidi, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ lo ọjà lásán ń sanwó fún afẹ́fẹ́ ni bí wọ́n bá fi páálí àkọ́kọ́ yẹn sínú páálí ńlá mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, olùtà lè tú u, kí ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀ ẹrù.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe tìtorí owó kílò kan sọ fún olùtà pé kí ó yọ ohun tí ó ń dáàbò bo ọjà kúrò. Nígbà tí ọjà bá fọ́ lọ́nà, ohun àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù yóò wò ni bí wọ́n ṣe dì í, bí wọ́n bá sì rí i pé a kò dì í dáadáa, wọ́n lè kọ̀ láti san owó adójútòfò, kódà bí ẹ ti sanwó fún un tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó ṣe é fọ́ gbọ́dọ̀ ní àyè tí ó kún fún ohun rírọ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri páálí ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ó má sì máa mì nígbà tí a bá gbọn ẹrù náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ọ̀nà tí ẹrù yóò gbà

Bí a bá ti mọ ìwọ̀n páálí, ó kù kí a mọ ẹni tí yóò gbé e. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀, wọn kò sì rí bákan náà rárá.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó máa ń gba owó tí ó kéré jù fún ẹrù kékeré. Àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ gbogbo àgbáyé wà lábẹ́ Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Bern ní Switzerland ní ọdún 1874, àdéhùn àjọ yìí ni ó sì jẹ́ kí ẹrù tí a fi sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan di èyí tí olùpín lẹ́tà orílẹ̀-èdè mìíràn yóò gbé dé ẹnu ọ̀nà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ẹrù ti gbéra a máa san owó fún èyí tí yóò pín in. Ní ìpàdé pàjáwìrì tí àjọ náà ṣe ní Geneva ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n gbà kí àwọn orílẹ̀-èdè kan tí ẹrù púpọ̀ ń wọ̀ máa fi ọwọ́ ara wọn dá iye tí wọn yóò gbà fún ẹrù kékeré, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2020. Mo mẹ́nu bà á nítorí ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ olùrà máa ń bi olùtà pẹ̀lú ìbínú: kí ló dé tí owó tí a fi ń ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ yín sí ọ̀dọ̀ wa fi ju èyí tí a fi ń ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa sí ọ̀dọ̀ yín lọ? Olùtà kọ́ ló ń yan yín jẹ. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ibi tí ẹrù ti gbéra ni ó ń dá iye tí yóò gbà, owó tí ó ń san fún ibi tí ẹrù ń lọ sì wà lára ohun tí ó ń wò, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kì í dọ́gba.

Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ayára ni ọ̀nà kejì. Owó rẹ̀ ga fún ẹrù kékeré, ṣùgbọ́n ó lè sàn ju ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ fún ohun tí ó wúwo tí kò sì gba àyè, ó sì ṣeé tọpa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé ilé-iṣẹ́ yìí ni yóò bá yín kéde ẹrù ní bodè, yóò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Mo máa sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn níwájú.

Ọ̀nà kẹta ni ètò tí ìkànnì títà-rírà fúnra rẹ̀ ṣe. Lórí eBay, fún àpẹẹrẹ, olùtà tí ó wà ní Amẹ́ríkà lè fi ọjà ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan nínú Amẹ́ríkà, kí ìkànnì náà sì gbé e kọjá sí òkè òkun lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní eBay International Shipping, níbi tí olùrà ti lè san owó ẹrù àti owó bodè pa pọ̀ ní ọjọ́ tí ó rajà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé iye tí ẹ rí ni iye tí ẹ ó san. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ kò lè yan ẹni tí yóò gbé ẹrù, ó sì máa ń ṣòro láti ní kí wọ́n di ọjà mẹ́ta pọ̀ sínú páálí kan. Fún ọjà kan ṣoṣo tí ó níye lórí, mo fara mọ́ ọn. Fún ohun wẹ́wẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí olùtà yóò gbà bí ó bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ọ̀nà kẹrin ni aṣojú tí ń bá ni rajà. Ó wúlò níbi tí olùtà kò bá gbà láti fi ẹrù ránṣẹ́ sí òkè òkun rárá. Ní Japan, fún àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ olùtà lórí Mercari àti Yahoo! Auctions kì í kó ẹrù kọjá orílẹ̀-èdè wọn, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ bí Buyee àti ZenMarket ń bá àlejò rà á, wọ́n ń gbà á sí ilé ìkẹ́rùsí wọn, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́. Ẹ ka iye tí wọ́n ń gbà dáadáa, nítorí owó lè wà fún rírà, fún gbígbé láti ọ̀dọ̀ olùtà dé ilé ìkẹ́rùsí, fún dídì pọ̀, àti fún títọ́jú ẹrù bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, kí ẹ tó wá dé orí owó òkè òkun gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣírò owó bodè

Ibí yìí ni owó ti ń dé bá ènìyàn lójijì jù lọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́kàn, ìyẹn ni pé ọjà àlòkù kì í san owó bodè. Àwọn aṣọ́bodè kò yọ̀ǹda ọjà nítorí pé ẹnì kan ti lò ó rí. Ohun tí lílò yẹn ń ṣe ni pé ó ń dín iye ọjà kù, owó bodè sì ń tẹ̀lé iye tí ẹ rà á gan-an, kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta tuntun rẹ̀. Nítorí náà, ẹ tọ́jú rísíìtì, ẹ tọ́jú ojú ìwé tí wọ́n ti pàtẹ ọjà náà, kí ẹ sì ya àwòrán ibi tí ọjà ti gbó tàbí ti ha, nítorí pé bí aṣọ́bodè bá ṣiyèméjì pé iye náà kéré jù, àwọn ohun wọ̀nyí ni ẹ ó fi hàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìlànà orílẹ̀-èdè tí ẹrù ń bọ̀ wá bá yín, nítorí pé àwọn ìlànà yìí ti yí padà púpọ̀ láìpẹ́ yìí, ìmọ̀ràn àtijọ́ sì lè ná yín lówó. Ní Australia, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2018 ni wọ́n ti ń gba owó orí ọjà lórí ọjà òkè òkun tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 1,000 ti Australia lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àyè tí ó jẹ́ kí ẹrù tí kò ju £15 lọ wọlé láìsan VAT ti kúrò, ibi tí a ti ń rajà ni wọ́n sì ti ń gba VAT lórí ọjà tí iye rẹ̀ kò ju £135 lọ. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021 ni àyè €22 ti kúrò, tí gbogbo ẹrù òwò tí ó ti ìta wọlé sì ń san VAT. Wọ́n ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní IOSS, tí ìkànnì lè fi gba VAT náà lọ́wọ́ olùrà lójú ẹsẹ̀ bí iye ọjà kò bá kọjá €150. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ti fi ọdún púpọ̀ jẹ́ kí ẹrù tí kò ju $800 lọ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n gbé àyè náà kúrò fún ẹrù láti gbogbo orílẹ̀-èdè, débi pé ọ̀pọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri ayé dá ẹrù tí ó ń lọ sí Amẹ́ríkà dúró fún ìgbà díẹ̀ nígbà náà.

Bí ẹni tí ó ń ta ohun inú ilé rẹ̀ bá fi ẹrù ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí kò sí ìkànnì kan tí ó ti gba VAT ṣáájú, bodè ni wọn yóò ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí ìkànnì bá sì ti gbà á, ẹ rí i dájú pé olùtà fi nọ́ńbà tí ìkànnì fún un hàn nígbà tí ó ń kéde ẹrù. Bí nọ́ńbà yẹn kò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, wọ́n lè gba VAT náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin ni yóò sì máa fi rísíìtì sáré kiri láti gbà á padà.

Bí ìṣirò fúnra rẹ̀ ṣe ń lọ nìyí. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù, iye tí wọ́n ń lé owó bodè sí kì í ṣe iye ọjà nìkan. Owó ẹrù àti owó adójútòfò ń wọ inú rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí owó ẹrù bá ga, owó bodè pẹ̀lú yóò ga. Ká sọ pé ọjà kan jẹ́ €200, tí owó ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú adójútòfò jẹ́ €40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ €240. Bí owó bodè irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, €12 ni, ó di €252. VAT yóò wá gun orí €252 yẹn, kì í ṣe orí €200; bí ó bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100, €50.40 ni. Gbogbo rẹ̀ di €302.40, láìtíì ka owó iṣẹ́ akẹ́rù mọ́ ọn. Ẹ rí i pé owó tí ó gun orí ọjà €200 náà ti lé ní ìdajì iye rẹ̀. Amẹ́ríkà kì í ka owó ẹrù òkè òkun mọ́ iye ọjà nígbà tí ó bá ń ṣírò owó bodè, nítorí náà ẹni tí ó ń rajà sí ibẹ̀ yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò rẹ̀.

Láti mọ ìdá tí wọ́n ń gbà lórí irú ọjà yín, ẹ wá kóòdù HS rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn aṣọ́bodè fi ń pín ọjà sí ìsọ̀rí. Àjọ Aṣọ́bodè Àgbáyé ni ó ṣètò kóòdù yìí, nọ́ńbà 6 àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ bákan náà ní gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó ń lò ó. Ìkànnì àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè yín ni ẹ ó ti fi kóòdù náà wá iye. Orí 97 nínú ètò náà wà fún iṣẹ́ ọnà àti ohun àtijọ́, ohun tí ó bá sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lè bọ́ síbẹ̀, níbi tí owó rẹ̀ sábà máa ń kéré ju ti àwọn ọjà yòókù lọ, bí ẹ bá ní ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ tún rántí pé ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹrù ti gbéra. Bàtà tí wọ́n ṣe ní China, tí ẹnì kan lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wá tà á fún ẹni tí ó wà ní Faransé, bàtà China ni lójú aṣọ́bodè, àdéhùn òwò tí ó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù kò sì ní yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ béèrè ẹni tí yóò sanwó bodè, àti iye tí akẹ́rù yóò gbà

Lẹ́tà mẹ́ta ni ẹ ó máa wá lójú ìwé ìsanwó. Bí wọ́n bá kọ DDP, ó túmọ̀ sí pé olùtà tàbí ìkànnì ti san owó bodè, tàbí pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ yín ṣáájú, ẹ kò sì ní san nǹkan kan mọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ DAP, ẹ̀yin ni ẹ ó san án nígbà tí ẹrù bá dé. Bí wọn kò bá kọ ọ̀kankan, ẹ gbà pé ẹ̀yin ni.

Nígbà tí ó bá jẹ́ ẹ̀yin, akẹ́rù ni yóò sábà kọ́kọ́ san owó náà fún àwọn aṣọ́bodè, kí ó tó wá gbà á lọ́wọ́ yín pẹ̀lú owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí sábà máa ń ní iye kan tí kì í sọ̀kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí ọjà kéré tó. Ìdí nìyẹn tí ọjà olówó pọ́ọ́kú fi máa ń jìyà jù: VAT orí rẹ̀ lè má ju owó díẹ̀ lọ, kí owó iṣẹ́ akẹ́rù sì ju VAT náà lọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ akẹ́rù àti ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó ń kọ iye yìí sí ìkànnì wọn. Ẹ wá a kí ẹ tó rajà, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ àwọn yòókù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ jẹ́ kí ìwé ìkéde jẹ́ òtítọ́

Ẹrù tí ó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá bodè gbọ́dọ̀ ní ìwé ìkéde. CN22 ni ti ẹrù kékeré tí iye rẹ̀ kò ju 300 SDR lọ, ìyẹn owó ìṣirò tí Àjọ IMF ń lò. CN23 ni ti èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé ti sọ ọ́ di dandan pé kí àlàyé inú ìwé náà ti kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè tí ẹrù ń lọ lórí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, "aṣọ" tàbí "ẹ̀bùn" tàbí "ohun èlò" lásán kò tó. Olùtà gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó jẹ́ gan-an, iye rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ibi tí wọ́n ti ṣe é, àti pé àlòkù ni. "Jákẹ́ẹ̀tì obìnrin kan, àlòkù, òwú, Ítálì ni wọ́n ti ṣe é" ń tètè kọjá. Èyí tí wọn kò bá mọ ohun tí ó jẹ́ ni wọ́n ń ṣí.

Olùrà kan lè bẹ olùtà pé kí ó kọ iye tí ó kéré, tàbí kí ó kọ ẹ̀bùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin olùtà pẹ̀lú, ẹ má gbà. Lóòótọ́ ni àwọn orílẹ̀-èdè kan ń yọ̀ǹda ẹ̀bùn kékeré, €45 ní Yúróòpù àti £39 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ohun tí a fowó rà kì í ṣe ẹ̀bùn, irọ́ sì ni lábẹ́ òfin. Orúkọ olùtà ni ó wà lórí ìwé náà. Bí ẹrù bá sọnù, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ẹ ó lè béèrè, kì í ṣe iye tí ẹ san. Mo mọ̀ pé owó bodè ń dunni, mo sì gbà pé àwọn ìlànà kan wúwo jù lórí ẹni tí ó ń ra ohun àlòkù kan fún ìlò ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó dára láti dín in kù wà ní ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkẹfà.

Kí olùtà tó kọ ìwé yìí, kí ẹ̀yin méjèèjì wò ó bóyá ọjà náà lè wọ bàlúù rárá. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ni ó ń dá ẹrù àlòkù dúró jù: ọ̀pọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń gbà á kìkì bí ó bá wà nínú ẹ̀rọ tí ó ń lò ó, wọn kì í gba èyí tí ó dá wà. Ààlà tí ó wọ́pọ̀ fún bátìrì inú ẹ̀rọ kékeré ni 100 Wh, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná tí bátìrì lè gbà pamọ́. Ẹ ó mọ ti yín bí ẹ bá fi mAh àti fóòtì (V) rẹ̀ sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1000 pín in. Bátìrì 5000 mAh tí ó jẹ́ fóòtì 3.7 jẹ́ 18.5 Wh. Lọ́fínńdà ń gbiná, nítorí náà wọ́n sábà máa ń kọ̀ ọ́. Ohun tí ó ní eyín erin, èèpo ẹ̀yìn ìjàpá òkun tàbí awọ ẹranko tí ó ṣọ̀wọ́n wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1973 lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ó wà nínú ewu, bí kò bá sì ní ìwé àṣẹ, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ pa ẹrù pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó pa á pọ̀

Kílò àkọ́kọ́ ni ó wọ́n jù nínú ẹrù òkè òkun. Kílò tí ó tẹ̀lé e kì í náni tó bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, bí olùtà kan bá ní ohun méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fẹ́, ẹ ní kí ó dì wọ́n pọ̀, kí ó sì fi owó ẹrù tuntun ránṣẹ́ kí ẹ tó san ohunkóhun. Lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, bí ẹ bá ti sanwó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tán, ó máa ń ṣòro láti yí i padà.

Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí pípa pọ̀ ń pa ni lára. Ọjà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ €90 wà lábẹ́ ìlà €150 ti IOSS, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà nínú páálí kan, €180 ni wọ́n, wọn yóò sì gba ọ̀nà mìíràn ní bodè. Bákan náà ni ẹrù kékeré méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 1.5 ṣe lè bá lẹ́tà rìn, tí páálí kan tí ó jẹ́ kílò 3 kò sì lè bá a rìn. Ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀, ẹ fi wọ́n wé ara wọn pẹ̀lú owó bodè àti owó iṣẹ́ akẹ́rù nínú. Ẹni tí ó bá lè fara da ìdúró tún lè béèrè bóyá ọ̀nà ojú omi wà, nítorí ó máa ń rọjú púpọ̀ fún ohun wíwúwo bí ìwé, bí ó tilẹ̀ ń pẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Sísan owó, àti bí ọjà bá ní láti padà

Nígbà tí ìkànnì bá bi yín léèrè bóyá kí òun ṣẹ́ owó náà fún yín, ẹ wo iye tí ó fẹ́ fi ṣẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi wé ti báǹkì yín. Ti ìkànnì sábà máa ń wọ́n jù. Ẹ tún wò ó bóyá ìkànnì ń gba owó ààbò lọ́wọ́ olùrà lọ́tọ̀, bí Vinted ṣe ń ṣe, kí ẹ sì kà á mọ́ àpapọ̀.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ dídá ọjà padà kí ẹ tó rà á: ta ni yóò san owó ẹrù àbọ̀ bí ọjà kò bá rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀? Ó lè ju iye ọjà náà lọ, àwọn olùtà kan sì máa ń yàn láti dá apá kan owó padà dípò kí ẹrù tún la òkun kọjá, èyí tí ó sábà máa ń tẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́rùn. Bí ó bá di dandan kí ó padà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé ìkéde pé ọjà tí a dá padà ni, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rísíìtì àkọ́kọ́ sí i, kí wọ́n má baà gba owó bodè lọ́wọ́ olùtà lórí ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó bodè tí ẹ̀yin ti san ṣeé gbà padà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ̀wé béèrè rẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n dá, ẹ ó sì fi ẹ̀rí hàn pé ẹrù náà ti jáde.

Nígbà tí ẹrù bá wà lọ́nà, bí ẹ bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé ẹ ní láti san owó bodè, ẹ má tẹ ìlà tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ sí ìkànnì akẹ́rù fúnra yín, ẹ fi nọ́ńbà ìtọpa ẹrù wò ó bóyá òótọ́ ni. Nígbà tí páálí bá sì dé, ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń ṣí i, láti ìgbà tí téèpù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, kí ẹ má sì ju páálí náà nù títí àkókò tí ìkànnì fi sílẹ̀ fún ẹ̀sùn yóò fi kọjá.